Bàrà, ìtóò àti àwọn ìbátan wọn: ìtàkùn wo ló so ẹ̀gúsí inú ọbẹ̀ yín?

Kò sí ìtàkùn kan ṣoṣo tí a lè nàka sí pé òun nìkan ni ẹ̀gúsí. Ohun tí à ń pè bẹ́ẹ̀ lọ́jà, hóró ni: hóró pẹlẹbẹ tó lóròóró, tí à ń lọ̀ sínú ọbẹ̀, tí à ń fi ṣe róbó, tí a sì tún lè sè, ká dì í sínú ewé títí yóò fi di ògìrì. Ó kéré tán, ìtàkùn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń so irú hóró yìí nílẹ̀ Yorùbá àti ní Benin, ẹbí kan náà ni wọ́n sì jọ wà, ẹbí elégédé àti igbá. Ibẹ̀ ni ìdàrúdàpọ̀ ti ń wá. Ẹni tó ń tà á ní ẹ̀gúsí ni. Ẹni tó ń rà á ní òun mọ ẹ̀gúsí. Ìwé ìwádìí kan fún un ní orúkọ Látìn kan, èkejì fún un ní òmíràn. Nígbà tó bá sì dalẹ́, ọbẹ̀ méjì tí a fi ata kan náà àti epo kan náà sè kò ní jọra lẹ́nu.

Méjì ló ṣe pàtàkì jù nínú wọn, bàrà àti ìtóò. Ẹni tó bá ti lè ya àwọn méjèèjì yìí sọ́tọ̀, ìyókù kò ní da orí rẹ̀ rú. Àmọ́ inú oko la ti gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀, nítorí pé inú oko ni ìyàtọ̀ wọn ti hàn gbangba. Tí wọ́n bá dé inú abọ́ ọlọ́jà, èèpo ti kúrò lára wọn, funfun ni gbogbo wọn.

Bàrà lórí ilẹ̀, ìtóò lórí igi

Bàrà ló pọ̀ jù. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é báyìí ni Citrullus mucosospermus. Ilẹ̀ ló ń fà lé, ó máa ń tàn ká débi tí koríko kò fi ní rí oòrùn, ìdí nìyẹn tí àwọn àgbẹ̀ fi ń gbìn ín sáàárín iṣu, àgbàdo àti ẹ̀gẹ́: ẹ̀gúsí ni wọ́n ń wá, ṣùgbọ́n wọ́n ti dín iṣẹ́ ọkọ́ kù pẹ̀lú. Ewé rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ó ya láti etí wọnú, ó ya jinlẹ̀, gbogbo ara rẹ̀ dà bí èyí tí ẹnì kan fi àlùmọ́gàjí gé. Òdòdó rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí òdòdó elégédé, àmọ́ ó kéré sí i púpọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ń yọ. Èso rẹ̀ róbótó, ó tutù yọ̀yọ̀, ó ní àmì tótòtó tàbí ìlà lára. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á pè é ní wọ́tàmẹ́lọ̀n, kò sì jẹ̀bi tán, a ó débẹ̀ láìpẹ́.

Ẹ wá la èso náà. Inú rẹ̀ funfun, ó le, ó sì sábà máa ń korò débi pé ẹni tó bá tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan kò ní fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kejì. Kò sẹ́ni tó ń jẹ ẹran ara bàrà. Hóró inú rẹ̀ la bá wá, àtimú un jáde sì ni iṣẹ́ tó le jù nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀gúsí. Ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin lẹ́yìn tí a gbìn ín, ewé á gbẹ, èso á sì wà ní gbangba lórí ilẹ̀. Wọn á kó wọn jọ, wọn á fi kùmọ̀ fọ́ wọn tàbí kí wọ́n fi àdá là wọ́n, wọn á sì fi wọ́n sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n jẹrà. Ẹ ò ní nílò ẹni tí yóò júwe oko bàrà fún yín lásìkò yẹn, imú yín á mú yín débẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọn á fọ hóró rẹ̀ lódò tàbí nínú agbada, omi mélòó kan, wọn á wá sá a sóòrùn. Èyí tí wọ́n bá yára fọ̀, tí oje inú èso kò kúrò lára rẹ̀ tán, ló máa ń mú kí ẹ̀gúsí ní ìkorò díẹ̀ lẹ́nu.

Ohun kan wà tó yẹ kí ẹ mọ̀ nípa hóró bàrà tútù. Bí ẹ bá fà á yọ kí èso tó jẹrà, ẹ ó rí i pé ó wú ju bó ti yẹ lọ, awọ tó nípọn, tó ń yọ̀, ló bò ó mọ́lẹ̀. Wọ́tàmẹ́lọ̀n kò ní irú awọ yìí. Hóró tirẹ̀ ti le, ó ti ń dán láti inú èso wá. Bí a bá fọ bàrà, tí a sá a, awọ yìí á gbẹ mọ́ hóró lára, kò sì ní hàn mọ́. Ní 2004, Gabriele Gusmini, Todd Wehner àti Robert Jarret tẹ àbọ̀ ìwádìí jáde ní Amẹ́ríkà tó fi hàn pé ohun àjogúnbá kan ṣoṣo ló ń fa awọ náà, àti pé kí ọmọ tó lè ní i, ó gbọ́dọ̀ jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá. Bí òbí kan bá jẹ́ wọ́tàmẹ́lọ̀n, awọ náà kò ní yọjú lára ọmọ. Ẹ fi èyí sọ́kàn, ó máa wúlò fún àgbẹ̀ tó ń tọ́jú irúgbìn.

Ìtóò yàtọ̀ sí bàrà láti ilẹ̀. Òkè ló ń lọ. Àtijọ́ ni àwọn àgbẹ̀ ti ń gbìn ín sídìí igi tí wọ́n pa nígbà tí wọ́n ń ṣán igbó, kó lè gun kùkùté àti ẹ̀ka gbígbẹ lọ. Bí kò bá sí igi, wọn á rì í ní òpó. Ewé rẹ̀ fẹ̀, ó ní igun níhìn-ín lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n kò ya wọnú bíi ti bàrà. Òdòdó rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ lóòótọ́, àmọ́ wẹ́wẹ́ ni, àwọn akọ inú wọn a sì máa yọ ní ìdì ìdì. Èso rẹ̀ gùn díẹ̀ ju bó ti fẹ̀ lọ, bó bá sì ti gbó, ara rẹ̀ á máa funfun tàbí kó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, kò ní àbàwọ́n wọ́tàmẹ́lọ̀n. Kì í tètè gbó. Oṣù mẹ́fà sí mẹ́jọ ló ń gbà, èyí ni pé ẹni tó gbin bàrà àti ìtóò lọ́jọ́ kan náà á ti ta bàrà, á ti náwó rẹ̀ tán, kí ìtóò tó ṣeé ká. Mo rò pé ìdí gbòógì nìyí tí ìtóò fi ń ṣọ̀wọ́n lọ́jà, tó sì sábà máa ń wọ́n ju bàrà lọ. Àgbẹ̀ tó ń yá ilẹ̀ fún ọdún kan kò ráyè rẹ̀.

Nínú ọ̀pọ̀ ìwé, Cucumeropsis mannii ni ẹ ó bá orúkọ ìtóò. Ìwé àtijọ́ mìíràn ní Cucumeropsis edulis. Ohun kan náà ni. Orúkọ Gustav Mann ni wọ́n fi sọ ọ́, ará Jámánì tó ń kó ewéko jọ ní etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà fún ọgbà Kew ti ìlú London ní nǹkan bí 1860. Fún ìgbà pípẹ́, gbogbo ayé gbà pé ìtàkùn ilẹ̀ Áfíríkà pọ́ńbélé ni. Ní 2010 ni Hanno Schaefer àti Susanne Renner fi í wé ìtàkùn kan tó ń hù nínú igbó Amẹ́ríkà Àárín àti ti Gúúsù, tí àwọn onímọ̀ ti fún ní orúkọ mìíràn láti ọjọ́ pípẹ́, wọ́n sì rí i pé ẹ̀yà kan náà ni àwọn méjèèjì. Ohun tó tún wá ya ènìyàn lẹ́nu ni pé ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni àwọn ìbátan rẹ̀ tó sún mọ́ ọn jù wà. Wọ́n dábàá pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọ̀hún ló ti sọdá wá sọ́dọ̀ wa. Nítorí èyí, àwọn àkójọ orúkọ ewéko tuntun ń pe ìtóò ní Melothria sphaerocarpa báyìí. Bí ẹ bá rí orúkọ yìí níbì kan, ẹ má ṣe rò pé ohun jíjẹ tuntun ni.

Ìtóò àti bàrà jẹ́ ará nínú ẹbí ńlá kan, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọmọ ìyá. Ẹ lè gbìn wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn láti òní dọ̀la, wọn kò ní gba ara wọn lóyún. Wọ́tàmẹ́lọ̀n ni bàrà ń bá dà pọ̀.

Ẹni tó fi eyín bó ẹ̀gúsí ṣáájú wa

Bàrà àti wọ́tàmẹ́lọ̀n sún mọ́ ara wọn débi pé àwọn onímọ̀ kan kò fi wọ́n sí ẹ̀yà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ rárá títí di àìpẹ́ yìí. Ẹ̀yà méje ni ìran Citrullus ní, Áfíríkà sì ni púpọ̀ nínú wọn ń gbé. Wọ́tàmẹ́lọ̀n aládùn ni Citrullus lanatus. Ọ̀rọ̀ orúkọ yìí gan-an ti mú ìtìjú díẹ̀ bá àwọn onímọ̀. Ní 1773, Carl Peter Thunberg, ará Sweden, já ìtàkùn kan nítòsí Cape Town, ó gbé e lọ sílé, ewéko gbígbẹ yìí ni wọ́n sì ń tọ́ka sí fún ìgbà pípẹ́ pé òun ni òpó tí orúkọ lanatus dúró lé. Nígbà tí Guillaume Chomicki àti Renner yẹ DNA ewéko gbígbẹ náà wò, tí wọ́n sì tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 2015, wọ́n rí i pé kì í ṣe wọ́tàmẹ́lọ̀n. Ìbátan rẹ̀ tó korò láti gúúsù Áfíríkà ni. Ìwádìí yẹn kan náà ló fi hàn pé bàrà ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sún mọ́ wọ́tàmẹ́lọ̀n ju ti gúúsù lọ fíìfíì. Wọ́n fi ewéko gbígbẹ mìíràn rọ́pò ti Thunberg kí orúkọ má baà yí kúrò lórí èso tí gbogbo ayé ń jẹ. Ní 2021, ìwádìí mìíràn fi hàn pé ọ̀kan tó ń jẹ́ mẹ́lọ̀n Kordofan, tí wọ́n ń gbìn ní Sudan, tí inú rẹ̀ funfun ṣùgbọ́n tí kò korò, tún sún mọ́ ọn ju bàrà lọ. Bàrà wá di ẹnì kejì.

Ẹnì kejì náà ni, ṣùgbọ́n ó jọ pé òun la kọ́kọ́ jẹ. Ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Libya, nínú àpáta Acacus, ihò kan wà tó ń jẹ́ Uan Muhuggiag níbi tí àwọn darandaran gbé nígbà tí aṣálẹ̀ Sàhárà ṣì ní koríko. Àwọn awalẹ̀pìtàn rí hóró Citrullus níbẹ̀ tó ti tó 6,000 ọdún. Oscar Pérez-Escobar àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ka DNA rẹ̀, pẹ̀lú hóró mìíràn láti Sudan tó ti tó 3,300 ọdún, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2022. Ọ̀pọ̀ nínú ohun àjogúnbá hóró méjèèjì ló tọ́ka sí bàrà ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, kì í ṣe wọ́tàmẹ́lọ̀n aládùn. Inú èso ti Libya yẹn, gẹ́gẹ́ bí DNA rẹ̀ ṣe sọ, á funfun tàbí kó jọ ewé díẹ̀, á sì korò. Kí ni wọ́n wá ń fi ohun kíkorò ṣe? Ojú eyín ènìyàn wà lára àwọn hóró tó pẹ́ jù níbẹ̀. Wọ́n ń fi eyín bó o jẹ ni. Gbogbo ọmọ tí wọ́n ti jókòó tì ìyá rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń bó ẹ̀gúsí ló mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, àti bí wọ́n ṣe ń gbá a lọ́wọ́ kó yé fi ìdajì ọjà sẹ́nu.

Èyí yí ìtàn tí wọ́n ń sọ tẹ́lẹ̀ padà. Àwọn kan máa ń ròyìn bàrà bí ẹni pé wọ́tàmẹ́lọ̀n tó kùnà láti dùn ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Hóró ni àwọn ènìyàn wá lọ́dọ̀ ìran yìí látilẹ̀wá. Adùn wọ́tàmẹ́lọ̀n ló dé lẹ́yìn.

Orúkọ tó yẹ ká yọ kúrò nínú ìwé wa

Bí ẹ bá wá ẹ̀gúsí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tàbí tí ẹ ka ìwé ìwádìí láti àwọn yunifásítì tiwa, ẹ ó rí i níye ìgbà pé Citrullus colocynthis ni wọ́n pe ẹ̀gúsí. Àṣìpè ni, àṣìpè tó sì léwu díẹ̀ ni. Colocynthis jẹ́ ìtàkùn aṣálẹ̀, láti Sàhárà títí dé ilẹ̀ Lárúbáwá àti ìhà Íńdíà. Kì í kú lọ́dún kan bíi bàrà, gbòǹgbò rẹ̀ a máa dúró sínú iyanrìn. Èso rẹ̀ kò ju ọsàn lọ, ó korò rékọjá ìkorò bàrà, inú tí kò bá sì gbà á á ṣu ẹ̀jẹ̀. Oògùn ìyàgbẹ́ líle ni àwọn oníṣègùn àtijọ́ fi í ṣe. Ẹni tó bá fi orúkọ yẹn wá ẹ̀gúsí á ka ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìkìlọ̀ nípa májèlé, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù ọbẹ̀ ìyá rẹ̀.

Àwọn tó ń ka Bíbélì ti bá colocynthis pàdé láìmọ̀. Nínú ìwé Àwọn Ọba Kejì, orí 4, ìyàn mú ní Gílígálì, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wòlíì sì jáde lọ wá ewébẹ̀. Ó rí ìtàkùn igbó kan, ó ká èso rẹ̀ kún aṣọ, ó rẹ́ ẹ sínú ìkòkò láìmọ ohun tó jẹ́. Bí wọ́n ti fi kan ẹnu, wọ́n figbe ta pé ikú ń bẹ nínú ìkòkò. Púpọ̀ nínú àwọn tó mọ ewéko ilẹ̀ náà gbà pé colocynthis ló ká. Èlíṣà fi ìyẹ̀fun sí i, ó sì tán síbẹ̀. Tiwa kò ní rọrùn bẹ́ẹ̀.

Báwo ni orúkọ náà ṣe wá gun orí ẹ̀gúsí? Ìdí tó ṣe kedere wà. Ìgbà kan wà tí wọ́n ń pe ẹ̀gúsí ní Colocynthis citrullus. Ẹ wò ó dáadáa: ọ̀rọ̀ méjèèjì kan náà ni, wọ́n yí ipò padà. Nígbà tí àwọn onímọ̀ dá ìran náà padà sí Citrullus, àwọn kan yí orúkọ po, wọ́n gbé èyí tó wà lẹ́yìn síwájú, wọ́n sì bọ́ sọ́wọ́ ìtàkùn ọ̀tọ̀. Ẹni tó kọ̀wé lẹ́yìn wọn da èyí kọ, ẹni tó tún tẹ̀lé e náà da á kọ. Bí ẹ bá rí ìwádìí kan tó ní òun yẹ òróró Citrullus colocynthis wò, tó sì ní ọjà kan ní Ìbàdàn tàbí Ìlọrin lòun ti ra hóró rẹ̀, ẹ mọ̀ pé bàrà ló rà.

Nínú abọ́ ọlọ́jà

Bí ẹ̀gúsí bá ṣì wà nínú èèpo, kò le. Hóró bàrà pọ́n bí ìyẹ̀pẹ̀ tàbí kó dúdú díẹ̀. Oríṣi kan ní etí dúdú tó ga yí i ká, òmíràn etí tirẹ̀ tẹ́, ó sì mọ́. Àwọn ọlọ́jà kan fún oríṣi kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tirẹ̀, ṣùgbọ́n bàrà ni gbogbo wọn. Ìtóò funfun látòkè délẹ̀, ó ń dán, kò ní etí aláwọ̀ ọ̀tọ̀, orí rẹ̀ kan sì ṣe ṣóńṣó.

Èyí tí wọ́n ti bó ló ń tan ènìyàn jẹ. Ohun tí mo máa ń gba àwọn tó ń rà á níyànjú ni pé kí wọ́n wo ìdí abọ́, kì í ṣe orí rẹ̀. Kò sí ẹ̀gúsí bíbó tí kò ní hóró díẹ̀ tó ṣì wà nínú èèpo, tàbí àfọ́kù èèpo tí wọn kò fẹ́ dànù tán. Bí èèpo inú rẹ̀ bá pọ́n, tí ẹ sì rí etí dúdú, bàrà ni wọ́n ń tà fún yín, orúkọ yòówù kí wọ́n pè é. Bí funfun bá ni, ìtóò ni. Ẹ tún fọ́ hóró kan sẹ́nu. Bàrà tàbí ìtóò, kò gbọdọ̀ ta yín lọ́fun; èyí tó bá ta ti pẹ́ nílẹ̀, òróró inú rẹ̀ ti bàjẹ́. Nǹkan bí ìdajì ẹ̀gúsí bíbó ni òróró, ìdí nìyẹn tí kì í fi pẹ́ bàjẹ́ tí wọ́n bá ti bó o, tó sì tún ń yára jù bẹ́ẹ̀ lọ tí wọ́n bá ti lọ̀ ọ́.

Lílọ̀ ni kò sẹ́ni tó lè mọ̀ mọ́. Àwọn ènìyàn wa ní Peckham àti ní Houston tó ń ra ẹ̀gúsí lílọ̀ nínú ọ̀rá, ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ ni wọ́n ń gbà gbọ́, «ẹ̀gúsí» náà ni wọ́n sì máa ń kọ. Bí ọ̀nà bá wà, ẹ ra odidi hóró, kí ẹ lọ̀ ọ́ nílé. Àwọn kan tí kò rí rà rárá ń lo hóró elégédé, ó sì ń ṣe é jẹ, àmọ́ ewé ló jọ láwọ̀, adùn rẹ̀ sì yàtọ̀. Ẹ má bá wọn jà. Ebi òkèèrè kì í ṣe ti ilé.

Nínú ìkòkò, bàrà máa ń yọ́ mọ́ ọbẹ̀, á tàn ká, á ki. Ìtóò ń ṣù ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó ń wú, ó sì rọ̀ lẹ́nu. Ọ̀pọ̀ àgbà tó mọ ọbẹ̀ sè á sọ fún yín pé ìtóò ni ẹ̀gúsí gidi, bàrà sì ni ti ọjà. Èmi kò tẹ̀lé wọn débẹ̀. Fún ẹ̀fọ́ ẹlẹ́gùúsí, mo gbà fún ìtóò láìjiyàn. Fún ọbẹ̀ tí a fẹ́ kó ki, tí a ó fi jẹ iyán, bàrà kò ní ẹ̀bi kankan.

Igbá àti ìrókò

Ìkẹta ni igbá, Lagenaria siceraria, ìtàkùn kan náà tó ń so igbá tí à ń fi bu omi. Oríṣi rẹ̀ kan wà tí wọ́n ń gbìn nítorí hóró, ní Benin àti Côte d'Ivoire ní pàtàkì. Enoch Achigan-Dako ti Yunifásítì Abomey-Calavi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ gidi lórí bí a ṣe lè ya àwọn ẹ̀gúsí ilẹ̀ Benin wọ̀nyí sọ́tọ̀. Ẹ ò lè ṣì í mú lóko: òdòdó igbá funfun, ìrọ̀lẹ́ ló sì ń là, nígbà tí ti bàrà àti ìtóò pọ́n, tí wọ́n ń là lójúmọmọ. Hóró rẹ̀ gùn, orí rẹ̀ kan tẹ́ bí èyí tí a gé, ìlà sì wà lára rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Ẹ̀gúsí ìrókò ni àwọn Yorùbá kan ń pe ohun tí gbogbo Nàìjíríà mọ̀ sí úgú, Telfairia occidentalis. Ewé rẹ̀ la sábà ń jẹ, ṣùgbọ́n hóró rẹ̀ náà ṣeé jẹ, wọ́n a máa sè é. Hóró náà tóbi ju owó ẹyọ lọ, kò sẹ́ni tó lè pè é ní bàrà. Ó ní àbúrò kan ní ìlà-oòrùn Áfíríkà, Telfairia pedata, tí wọ́n ń pè ní kweme ní Tanzania, hóró tirẹ̀ ni wọ́n sì ń gbìn ín fún níbẹ̀.

Bí ẹ bá dé Cameroon, tí wọ́n ní «pistache» ni wọ́n fi se oúnjẹ, ẹ má wá èso igi òkè òkun. Ẹ̀gúsí ni.

Fún ẹni tó ń tọ́jú irúgbìn

Ìtóò kò ní yọ yín lẹ́nu. Ẹ mú èso tó dára jù, ẹ yọ hóró rẹ̀, ẹ gbẹ́ ẹ, ó parí. Bàrà ni kí ẹ ṣọ́, pàápàá níbi tí aládùúgbò bá ti ń gbin wọ́tàmẹ́lọ̀n fún àwọn ará ìlú. Oyin kì í bèèrè ilé ẹni kó tó wọlé, yóò gbé ìyẹ̀fun òdòdó láti ọ̀dọ̀ ọ̀kan lọ sọ́dọ̀ èkejì. Lọ́dún yẹn ẹ kò ní rí àyípadà kankan, nítorí pé ìyá ló ń pinnu bí èso yóò ṣe rí. Ọdún tó tẹ̀lé e ni ọ̀rọ̀ á bọ́ síta. Ìkorò bàrà máa ń borí adùn wọ́tàmẹ́lọ̀n, funfun inú rẹ̀ náà máa ń borí pupa, ṣùgbọ́n awọ tó ń yọ̀ lára hóró kò ní yọjú, nítorí òbí kan ṣoṣo ló ní i. Ohun tí ẹ ó ká lè korò jù fún wọ́tàmẹ́lọ̀n, hóró rẹ̀ á sì le, kò ní jẹ́ ẹ̀gúsí. Ẹ wo hóró tútù kí ẹ tó fọ̀ ọ́: èyí tí kò bá ní awọ yíyọ̀ lára, ẹ má fi sínú irúgbìn. Ẹ jẹ ẹ́, tàbí kí ẹ fún adìyẹ.